Fóltéèjì

Fóltéèjì ni ìwọ̀n ohun tó ń ti iná mànàmáná láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹ wo tánńkì omi tí wọ́n gbé sórí òpó irin ní Mushin: bó bá ṣe ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ ni omi ṣe máa tú jáde tó. Ìyàtọ̀ òkè sí ìsàlẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́; bẹ́ẹ̀ náà ni ti iná. Ìdí nìyí tí ẹyẹ fi ń bà lé wáyà kan ṣoṣo láìfarapa. Ipò kan náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà.

Orúkọ Alessandro Volta, ará Ítálì tó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní 1800, ni wọ́n fi sọ volt tí a fi ń wọn fóltéèjì. Volt kan jẹ́ joule kan fún coulomb kan.

Ní ibùdó Akangba ní Surulere, iná ń wọlé ní 330,000 volt, wọ́n ń sọ ọ́ di 132,000. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tún já a wálẹ̀ dé 11,000, tiransifọ́mà àdúgbò ló ń já a wá sí 415, ilé kọ̀ọ̀kan á wá gba nǹkan bí 230. Tó bá di alẹ́ tí gbogbo ilé tan nǹkan pa pọ̀, wáyà tó gùn, tó sì tín-ín-rín, á jẹ nínú fóltéèjì náà. Gílóòbù á pọ́n bí ẹyin iná, fáànù á máa fà, fíríìjì á máa kùn láìṣiṣẹ́. Háàfù kọ́rẹ́ǹtì là ń pè é, ṣùgbọ́n fóltéèjì gan-an ló lọ sílẹ̀. Ẹ tètè yọ fíríìjì nígbà náà, torí mọ́tò rẹ̀ lè jó.