Jáàkì àti Òpó: Ìtàn Gbígbé Ọkọ̀ Sókè ní Treichville

Yorùbá mọ̀ pé ẹni tí ó gbé ẹrù ru ènìyàn yàtọ̀ sí ẹni tí ó ru ẹrù náà délé. Ẹni àkọ́kọ́ lo agbára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọrùn ẹni kejì ni ó ń gba ìyà ẹrù. Orí ìyàtọ̀ kékeré yìí ni gbogbo ìtàn irin-iṣẹ́ tí a fi ń gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sókè dúró lé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè ra irin tí ó lágbára jù lọ lọ́jà, kí ọkọ̀ sì pa á nínú àgbàlá ara rẹ̀. Treichville, nínú ìlú Abidjan, jẹ́ ibi tí a ti lè rí ọ̀ràn yìí kedere, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ àti ìlànà ilé ibẹ̀ kò gba gbogbo irin-iṣẹ́.

Orí erékùṣù Petit-Bassam, láàrin ọ̀sà Ébrié, ni Treichville wà. Anoumabo ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1934, ọdún tí Abidjan gba ipò olú-ìlú lọ́wọ́ Bingerville, ni a yí orúkọ náà padà láti fi ṣe ìrántí Marcel Treich-Laplène, ará Faransé tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣàkóso ilẹ̀ náà, tí ó sì kú ní 1890. Àwọn òyìnbó ń gbé ní Plateau ní òdì kejì omi. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé ní Treichville. Afárá tí ó léfòó lórí omi so ìhà méjèèjì pọ̀ ní 1931, afárá Houphouët-Boigny sì rọ́pò rẹ̀ ní 1957. Ní 1950 ni a ṣí ọ̀nà omi Vridi, tí a gbẹ́ láti inú òkun wọ inú ọ̀sà, tí ọkọ̀ òkun ńlá fi lè wọlé wá gúnlẹ̀ sí èbúté. Láti ìgbà náà ni mọ́tò ti ń ti èbúté jáde sí ìgboro. Láàrin àwọn àlejò tí ó tẹ̀dó sí Abidjan ni àwọn Yorùbá láti Èjìgbò, Ìnísà, Ìwó àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pè ní Ànàgó. Oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, òwò wọn kò sì lè rìn láìsí ọkọ̀.

Ibi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí ni a ó ti máa tún ọkọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Treichville jẹ́ yanrìn, omi kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Kòtò tí àwọn mẹkáníìkì ní ìlú mìíràn máa ń gbẹ́, tí wọn a sì dúró sínú rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, kò bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu; omi ni yóò kún inú rẹ̀ nígbà òjò. Bẹ́ẹ̀ ni ilé àtijọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ilé tí olúkúlùkù ní àgbàlá tirẹ̀. Àgbàlá kan ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò pọ̀, gẹ́gẹ́ bí agbo ilé Yorùbá. Cour commune ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀ ni a ti ń dáná, tí a ti ń fọ aṣọ, tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní irin-iṣẹ́ tí ó lè gbé wá ní òwúrọ̀, tí ó sì lè gbé kúrò ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí irin tí ó ṣeé gbé kiri fi jẹ́ kò-ṣeé-mánìí ní irú ibẹ̀.

Ọgbọ́n mẹ́ta ni ayé ti fi gbé ẹrù tí ó ju agbára ènìyàn lọ. Èkíní ni igi gígùn tí a tì bọ abẹ́ ẹrù, tí a fi òkúta ṣe ìrọ̀rí rẹ̀, tí a sì tẹ orí kejì mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń ṣí òkúta nínú oko mọ̀ ọ́n. Èkejì ni irin tí a fín yípoyípo bí ìkarahun ìgbín, tí ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń yí i. Irú rẹ̀ wà nínú àwọn àwòrán tí Villard de Honnecourt, ará Faransé, fi sílẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kẹtàlá. Ẹ̀kẹta ni omi tàbí epo tí a sé mọ́ inú irin. Blaise Pascal ni ó làdí èyí, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1663, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀: bí a bá tẹ omi tí a sé mọ́ ní ibì kan, agbára náà yóò dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ ní ọgbọọgba. Bí ojú ọ̀pá kan bá fi ìlọ́po 50 fẹ̀ ju ti èkejì lọ, ẹni tí ó fi ìwọ̀n kìló 20 tẹ kékeré yóò gbé kìló 1,000 lórí ńlá. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀: kí ńlá tó gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 1, kékeré gbọ́dọ̀ rin sẹ̀ǹtímítà 50. Nítorí èyí ni a fi ń tẹ ọwọ́ jáàkì lọ sókè lọ sódò lọ́pọ̀ ìgbà.

Joseph Bramah sọ ẹ̀kọ́ yìí di ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1795. Ní 1851, Richard Dudgeon gba ìwé-àṣẹ ní New York fún irú rẹ̀ tí ó kéré tó láti gbé kiri. Òun ni baba jáàkì elépo tí a mọ̀ lónìí. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ di púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, Peter Lunati, ará ìlú Memphis, lo ọgbọ́n kan náà láti gbé odidi ọkọ̀ sókè ní 1925. Wọ́n ní àga onígbàjámọ̀, tí ó ń gòkè tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀, ni ó wò kọ́ ọ.

Nínú gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí, èyí tí ó yá jù ni ó léwu jù. Irin tí a ń yí lọ́ra, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, kì í sáà sáré padà. Epo yá, ṣùgbọ́n rọ́bà kékeré ni ó sé e mọ́. Ní ọjọ́ tí rọ́bà náà bá jẹ, tàbí tí ẹnì kan bá ṣèèṣì tú ẹnu ọ̀nà epo, ọkọ̀ yóò sọ̀kalẹ̀, kì yóò sì béèrè ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn tí ó mọ agbára epo yìí dáadáa kò gbàgbé bẹ́ẹ̀. Ní 1955, ilé-iṣẹ́ Citroën ní ilẹ̀ Faransé gbé ọkọ̀ DS jáde. Orí epo àti afẹ́fẹ́ ni ọkọ̀ náà gbé ara lé, awakọ̀ sì lè fa ọ̀pá kan kí ó dìde fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, bí táyà bá jò, ìlànà rẹ̀ ni pé kí awakọ̀ mú kí ọkọ̀ dìde, kí ó fi ẹsẹ̀ irin kan tì í lábẹ́, lẹ́yìn náà kí ó dá ọ̀pá padà. Ọkọ̀ yóò dúró lórí irin, táyà yóò sì fà kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ tí ó lè gbé ara rẹ̀ dìde kò gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ láti dúró.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yan irin tí yóò máa fi gbé ọkọ̀ nínú àgbàlá rẹ̀ lónìí ní ìbéèrè mẹ́ta láti dáhùn kí ó tó bèèrè iye owó. Ìbéèrè kìíní ni pé, bí epo bá jò, kí ni yóò di ọkọ̀ mú? Jáàkì onítáyà tí a ń fà kiri dára, bí a bá ra ẹsẹ̀ irin pọ̀ mọ́ ọn. Irú tuntun kan wà, irin gígùn méjì tí a tẹ́ sí abẹ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, tí ẹ̀rọ iná kékeré ń ti epo sínú wọn. Ó lè gbé odidi ọkọ̀ sókè ní nǹkan bí ìdajì mítà, a sì lè fi í ti ara ògiri lẹ́yìn iṣẹ́. Èyí tí ó yẹ ní rírà nínú wọn ni èyí tí ó ní irin ìdábùú tí ó ń há sí ipò, tí ọkọ̀ yóò fi dúró lórí irin, kì í ṣe lórí epo.

Ìbéèrè kejì ni ìwọ̀n ọkọ̀. Peugeot 404, tí ó jáde ní 1960, wọ̀n tó nǹkan bí kìló 1,100. Toyota Hilux òde òní lè tó 2,000. Irin tí ó tó fún ọkọ̀ baba kò tó fún ọkọ̀ ọmọ. Ìbéèrè kẹta ni ilẹ̀. Ẹ̀rọ olópòó méjì tí a ń rí ní ilé-iṣẹ́ ńlá fẹ́ ilẹ̀ kọnkéré tí ó nípọn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, ó kéré tán, a sì gbọ́dọ̀ fi bóòtì kàn án mọ́lẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe ti àgbàlá àjùmọ̀lò. Lórí yanrìn, jáàkì àti ẹsẹ̀ irin pàápàá ń rì, ọkọ̀ a sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pákó tí ó nípọn tí ó sì fẹ̀ ni a fi ń ṣe òṣùká fún wọn. Búlọ́ọ̀kù oníhò kò yẹ láti fi ti ọkọ̀, nítorí pé lójijì ni ó ń fọ́, kì í kìlọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ ní Treichville, ní Ìbàdàn àti ní Mushin ni ó ti jókòó lórí béńṣì ilé-ìwé rí. Ẹlòmíràn nínú wọn ti gbọ́ orúkọ Pascal, ó sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé jáàkì ọ̀gá rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ń wí. Olùkọ́ tí ó bá gbé jáàkì kan wá sí kíláàsì, tí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́, tí ó tú epo rẹ̀ níṣojú wọn kí wọ́n rí bí ẹrù ti ń já lulẹ̀, tí ó sì tún fi ẹsẹ̀ irin tì í kí wọ́n rí i pé ẹrù kò já mọ́, ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìdánwò. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀mí ọ̀kan nínú wọn ni ó gbà là.