Àṣìgbọ́ Tó Di Orúkọ Igi

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yìí rí nínú ọgbà ẹnìkan: igi sípírẹ́sì tó nà gbọọrọ sókè, tí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ so rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, tí kì í wọ́wé bí òtútù ti wù kó mú tó. Òyìnbó ní ẹkún ló ń sun. (Nílé, a ní igi kan tí ewé tirẹ̀ náà ń so rọ̀, èyí tí à ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Masquerade tree la sọ ọ́, torí aṣọ eégún la rí lára rẹ̀. Igi Íńdíà nìyẹn, wọn ò bá ara wọn tan.) Bí ẹ bá wo bébà tí àwọn tó ń ta sípírẹ́sì yìí so mọ́ ọn, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: nootkatensis. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ìdí igi náà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1778, James Cook gúnlẹ̀ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn erékùṣù tí à ń pè ní Vancouver lónìí, ní Kánádà. Àwọn onílẹ̀ wa ọkọ̀ wọn jáde láti pàdé rẹ̀. Nígbà tó yá, Cook gbà pé Nootka ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọ̀nà ni wọ́n ń júwe fún un: nínú èdè wọn, ọ̀rọ̀ tó jọ nutka jẹ mọ́ kí èèyàn yípo, kó gba ẹ̀gbẹ́ yí ká. Wọ́n ní kí ó yípo wọ èbúté. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni bàbá ń wá, ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n fún un.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ní Freetown, àwọn ará wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú ń kí ara wọn ní "ẹ kú", "o kú", ni wọ́n bá di Aku lẹ́nu àwọn tó yí wọn ká. Koelle kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ ní 1854. Ìkíni di orúkọ ẹ̀yà.

Archibald Menzies já ẹ̀ka igi náà ní Nootka, David Don sì fi sínú ìwé ní 1824 pé Cupressus nootkatensis ni. Láti ìgbà náà, apá àkọ́kọ́ orúkọ yìí ò sinmi: Chamaecyparis, Callitropsis, àti nígbà tí wọ́n rí ìbátan rẹ̀ kan ní àríwá Vietnam ní 1999, Xanthocyparis. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́jà méjì fi lè kọ orúkọ méjì sára igi kan náà. Nootkatensis nìkan ni kò kúrò, torí lábẹ́ òfin àwọn onímọ̀ ewéko, orúkọ tó ṣáájú ló ń jókòó. Kódà, èròjà olóòórùn dídùn kan tí wọ́n rí nínú igi náà, tó wà nínú gírépù pẹ̀lú, nootkatone ló ń jẹ́. Àwọn onílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti kọ orúkọ náà sílẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1970. Nuu-chah-nulth ni wọ́n ń jẹ́ báyìí, èyíinì ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè àti òkun. Àwọn yìí ti ń fi èèpo inú igi náà hun aṣọ, wọ́n sì ń fi igi rẹ̀ gbẹ́ àjẹ̀ ọkọ̀, kí Cook tó dé.

Orúkọ tí wọ́n yàn yìí ló sọ ohun tí igi náà fẹ́: ìrì òkun, òjò, àti yìnyín orí òkè. Ó lè lò ju 1,000 ọdún lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Alaska àti Kánádà, ó ti kú lórí ilẹ̀ tó ju 200,000 hẹ́kítà lọ. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó rí ohun tó ń pa á. Òtútù ni, nínú ayé tó ń móoru! Gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọlẹ̀ jìn. Tẹ́lẹ̀, yìnyín ló ń bò ó bí aṣọ ìbora títí òtútù á fi lọ pátá. Nísinsìnyí yìnyín ń tètè yọ́, gbòǹgbò á rò pé ewu ti kọjá, òtútù á wá ṣẹ́rí padà bá a níhòhò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gbin èyí tó so rọ̀ gan-an, tí wọ́n ń pè ní Pendula, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bojú tó. Ẹ kó èèpo igi tàbí ewé gbígbẹ bò ó, bí àgbẹ̀ ṣe ń dé ebè iṣu, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi. Ẹ bu omi fún un dáadáa ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró sí ìdí rẹ̀. Ẹ má fi hóró gbìn ín bí ẹ bá fẹ́ èyí tó jọ ìyá rẹ̀: lílọ́ ni wọ́n ń lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ igi mìíràn, bí a ṣe ń lọ́ ọsàn. Ẹ má sì gbé e wá sí Ìbàdàn o, ooru wa ò bá a lára mu. Bí orí rẹ̀ bá ń tẹ̀ nígbà tó kéré, ẹ fi igi gbè é lẹ́yìn kó lè ga. Ẹ lè gé ẹ̀ka tó gùn jù, àmọ́ ẹ má gé e wọ ibi tí kò sí ewé mọ́. Kì í rúwé padà níbẹ̀.