Ẹ̀bi Mọremí Lórí Ikú Olúorogbo

Ní Ọ̀fà, tí ó múlé ti Ẹ̀rìn-Ilé, àwọn ará ìlú gbà pé ọmọ wọn ni Mọremí. Ní Ilé-Ifẹ̀, ayaba ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Dúró Ládipọ̀ fi ìtàn rẹ̀ ṣe eré ìbànújẹ́ ní àwọn ọdún 1960. Nínú gbogbo ìyìn tí a ń yìn ín, ìbéèrè kan kì í sábà jáde: ta ni ó jẹ̀bi ikú ọmọ rẹ̀?

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé àwọn Ìgbò a máa fi koríko bo ara wọ Ifẹ̀, àwọn ará ìlú a sì rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Mọremí lọ sí odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ète òun bá yọrí, òun yóò rú ẹbọ tí ó níye lórí jù lọ tí agbára òun ká. Ó jẹ́ kí a mú òun lẹ́rú, ó mọ àṣírí wọn, ó sì sá padà wálé. Iná ògùṣọ̀ ni Ifẹ̀ fi ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n odò kọ gbogbo ẹran tí ó fà wá. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ó béèrè.

Àwọn tí ó dá a láre ní pé ẹyin lohùn: bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Òótọ́ ni pé kò dárúkọ ọmọ. Ẹran ni ó kọ́kọ́ fà lọ, èyí sì fi hàn pé ọmọ kò sí lọ́kàn rẹ̀. Ní ibi yìí ó sún mọ́ Jẹ́fútà inú Bíbélì, ẹni tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ láìmọ ẹni tí ẹ̀jẹ́ náà yóò mú.

Síbẹ̀, àìmọ̀ ìgbà ẹ̀jẹ́ kò pa ẹ̀bi ìgbà ìsan rẹ́. Nígbà tí odò béèrè ọmọ, Mọremí ti mọ̀. Ohun tí agbára rẹ̀ ká ni ó ṣèlérí. Ẹ̀mí ẹlòmíràn kò sí lára ohun ìní ẹni, ì báà ṣe ọmọ tí a bí. Ìtàn kò sì sọ pé a bi Olúorogbo léèrè.

Ṣùgbọ́n kò dá jẹ̀bi. Ifẹ̀ ni ó jẹ èrè ẹ̀jẹ́ náà. Gbogbo ìlú bá a sunkún, wọ́n sì ṣèlérí láti jẹ́ ọmọ fún un títí láé. Ìtùnú ni a ń pe ìlérí yìí. Ìjẹ́wọ́ gbèsè ni pẹ̀lú.

Ní 2016 a gbé ère gàgàrà kan dìde ní Ilé-Ifẹ̀ fún ìyá. Olùkọ́ tí ó bá ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ ilé-ìwé, kí ó má ṣe gbàgbé láti dárúkọ ọmọ.