ìtúmọ̀ ẹ̀rọ
(àpólà orúkọ)

Yíyí ọ̀rọ̀ padà láti èdè kan sí òmíràn nípasẹ̀ kọ̀ǹpútà.

Àpẹẹrẹ: Wọ́n fi ìtúmọ̀ ẹ̀rọ ṣe é, kí olùtúmọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyàtọ̀. Ògbufọ̀ ni ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan tí ó sì ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn ní èdè tirẹ̀. A kì í sábà lo orúkọ náà fún iṣẹ́ àkọsílẹ̀.

Ìlò. Google Translate fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ lè jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ náà, kí ó sì máa gba èsì. Ọ̀nà ìfiránṣẹ́ yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní API. Ohun tí a ń rán ni ọ̀rọ̀ náà, àmì èdè tí a fi kọ ọ́, àti àmì èdè tí a fẹ́ tú u sí: yo fún Yorùbá, en fún Gẹ̀ẹ́sì.

Àkíyèsí lórí àmì ohùn. Kí a gbà pé a fẹ́ tú ìkéde kan fún àwọn èrò ní ibùdókọ̀ Òṣòdì:

Ọkọ̀ yìí kò dé Ìsọlọ̀.

Bí a bá kọ ọ́ ní Oko yii ko de Isolo, oko lè di oko àgbẹ̀, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, tàbí ọ̀kọ̀ ogun. Èrò tí ó dúró ní Òṣòdì ń fi ojú rí ọkọ̀. Gbólóhùn nìkan ni ẹ̀rọ rí.

Àmì ohùn nìkan kò sì tó. Kò dé lè túmọ̀ sí pé ọkọ̀ náà gbéra ṣùgbọ́n kò gúnlẹ̀, tàbí pé ọ̀nà rẹ̀ kò gba Ìsọlọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì, kí a kọ kì í dé kí a tó rán an, kí èrò má baà wọ ọkọ̀ tí kò ní gbé e délé.

Àkíyèsí lórí owó. Iye àmì tí a rán ni Google fi ń ṣírò owó API rẹ̀. Nínú ìlànà Unicode, é lè jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ẹ́ kò lè dín ní méjì: ẹ àti àmì ohùn orí rẹ̀. Owó tí a fi yíyọ àmì pamọ́ kéré sí iṣẹ́ àtúnṣe tí yóò tẹ̀lé e.

Tún wo: àmì ohùn, ògbufọ̀, túmọ̀.