Paul de Vivie àti Ọgbọ́n Fífi Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè

Ìlú Saint-Étienne ní ilẹ̀ Faransé, ìlú awakùsà èédú, ìlú alágbẹ̀dẹ ìbọn, ìlú ahunṣọ sẹ́dà, wà láàárín òkè tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹnubodè yòówù kí ènìyàn gbà jáde nínú rẹ̀, kò ní í pẹ́ tí òkè yóò fi pàdé rẹ̀. Ní ìhà gúúsù ni Col de la République wà, tí orí rẹ̀ fi mítà 1,161 ga ju òkun lọ, òkè tí kò mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Lẹ́bàá òkè yìí ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Paul de Vivie ti kọ́ ọgbọ́n fífi kẹ̀kẹ́ ológeere rin ìrìn àjò jíjìn gba ilẹ̀ olókè kọjá, tí ó sì fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ní 1853 ni a bí i ní Pernes. Òwò sẹ́dà ni ó kọ́kọ́ ṣe, ó sì rí jẹ nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìfẹ́ kẹ̀kẹ́ kó sí i lórí, ó pa òwò náà tì, ó ṣí ìsọ̀ kẹ̀kẹ́, ó ń kó ọjà wá láti Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1887 ó sì dá ìwé ìròyìn tí a wá mọ̀ sí Le Cycliste sílẹ̀, nínú èyí tí ó ń fi orúkọ ìnagijẹ Vélocio kọ̀wé. Wọ́n ní ní ọjọ́ kan tí ó ń gun òkè République, tí òógùn bò ó, tí èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀ yọ sí i lẹ́yìn, ó fi ìkòkò tábà há ẹnu ní tirẹ̀, ó sì yà á sílẹ̀ lọ. De Vivie kò bínú. Ó lọ ronú.

Kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà náà, jíà kan ṣoṣo ni ó ní. Bí jíà náà bá le, ẹni tí ó gùn ún yóò sáré ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ni yóò sanwó rẹ̀ lórí òkè. Bí ó bá sì fúyẹ́, òkè yóò rọrùn, ṣùgbọ́n ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ yóò máa yí pìrìpìrì láìjẹ́ pé ọ̀nà ń tán. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, de Vivie fi irin eléyín méjì, ńlá kan, kékeré kan, sí ibi pẹ́dàlì, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fi ọwọ́ gbé ṣéènì kúrò lórí ńlá sórí kékeré, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tún un ṣe síwájú, títí ṣéènì fi ń bọ́ láti orí irin eléyín kan sórí òmíràn láìjẹ́ pé ènìyàn sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n irin nìkan kì í gun òkè. Nínú òfin méje tí ó là sílẹ̀ fún onírìn-àjò, ó ní kí ìdúró rẹ̀ má pọ̀, kí ó má sì pẹ́. Kí ó jẹun kí ebi tó pa á, kí ó mumi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Kí ó má jẹ́ kí àárẹ̀ mú un dé ibi tí oúnjẹ kò ní í wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́, tí oorun yóò sì kọ̀ láti kùn ún. Kí ó wọ aṣọ kí òtútù tó mú un, kí ó sì bọ́ ọ kí ooru tó dà á láàmú. Kí ó takété sí ọtí wáìnì, ẹran àti tábà lójú ọ̀nà. Kí ó má fi ipá ṣe é, pàápàá ní wákàtí ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó má sì gun kẹ̀kẹ́ nítorí àṣehàn láé. Igi gaǹgaǹran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó: ebi tí ó bá ti pa ènìyàn tán lágbede méjì òkè, oúnjẹ tí ó bá jẹ níbẹ̀ kò ní í tètè di agbára, àti pé ẹni tí ó bá ná gbogbo ipá rẹ̀ ní òwúrọ̀ kò ní í rí nǹkan kan ná ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn eléré ìje kò gba tirẹ̀. Ní 1902, Henri Desgrange, olóòtú ìwé ìròyìn L'Auto-Vélo, kọ ọ́ pé àwọn tí ó ti lé ní ọdún 45 ni jíà pípààrọ̀ yẹ, pé agbára iṣan ni ó yẹ kí ọkùnrin fi borí. Nígbà tí ìwé ìròyìn rẹ̀ dá ìje Tour de France sílẹ̀ ní 1903, orí òkè République yìí kan náà ni àwọn eléré gbà láti Lyon lọ sí Marseille. Ní 1910 wọ́n kó wọn gun àwọn òkè Pyrénées. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, eléré tí ó bá sì fẹ́ jíà mìíràn ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí ó tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ó yí i sódì sí ìhà tí jíà kejì wà, kí ó tó tún gùn ún.

Àwọn onírìn-àjò kò dúró dè wọ́n. Láti 1922, nígbà tí de Vivie ṣì wà láyé, ni wọ́n ti ń pé jọ gun òkè náà láti bu ọlá fún un. Ní 1930 ni ọkọ̀ tíráàmù kọlù ú ní Saint-Étienne, tí ó sì kú; ó di 1937 kí Tour de France tó gba jíà pípààrọ̀ láàyè fún gbogbo eléré. Àwọn tí kò du ipò kìn-ín-ní ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ọ̀nà òkè, nítorí pé ojú kò tì wọ́n láti wá ìrọ̀rùn, wọ́n sì mọ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn. Ẹni tí ó bá ń gbèrò irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ó tó di ẹrù rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ka òfin keje sí etí ara rẹ̀, nítorí kò sí ẹrù tí ó wúwo tó àṣehàn lórí òkè.