Iṣẹ́ Abẹ́lẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Lóde òní, bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ojú ẹsẹ̀ ni a ń retí èsì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ẹni tí ó ní iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà yóò kó páálí pélébé tí a lu ihò sí lára fún òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú ẹ̀rọ, yóò bá tirẹ̀ lọ, nígbà mìíràn ó di ọjọ́ kejì kí ó tó rí èsì gbà. Ìyà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀: gbígba iṣẹ́ yàtọ̀ sí píparí iṣẹ́.

Ní ọdún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, fi CTSS han ayé, ètò tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò pa iṣẹ́ gígùn tì. Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Nínú Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969, àmì & lẹ́yìn àṣẹ ti tó.

Ìtàkùn àgbáyé ni ó mú wàhálà padà. Láti ọdún 1993 tí CGI ti jẹ́ kí ojú-ìwé lè pe ètò ṣiṣẹ́, ẹni tí ó béèrè ní láti dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ server kì í dúró títí. Ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ni PHP ń fún iṣẹ́ kan, bí a kò bá yí i padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ kò rí èsì, ó tún bọ́tìnnì tẹ̀ (ta ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí?), owó sì lè jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé oògùn rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Ìlànà HTTP/1.0, tí ó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1996, ní ìdáhùn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 202: a ti gba iṣẹ́ náà, a kò tí ì parí rẹ̀. Ìwé náà tilẹ̀ mẹ́nu kan iṣẹ́ tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, bí ìgbà àwọn onípáálí gan-an.

Ní ọdún 2005, Brad Fitzpatrick, ẹni tí ó dá LiveJournal sílẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Gearman jáde láti máa pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn. Lẹ́tà inú «manager», ìyẹn ọ̀gá, ni wọ́n tún tò di orúkọ náà, nítorí pé ó ń pín iṣẹ́ ni, kì í ṣe é. Server yóò to iṣẹ́ sórí ìlà, yóò fún oníbéèrè ní nọ́ńbà, yóò sì dá a sílẹ̀. Bí iṣẹ́ tí ó ní nọ́ńbà kan náà bá tún dé, a kì yóò gba owó lẹ́ẹ̀kejì.