Alángbá onírùngbọ̀n dé ilé tuntun: bẹ́ ẹ ṣe lè jẹ́ kí ara tù ú

Ní Ìlú Ọba, ajá àti ológbò nìkan kọ́ ni wọ́n ń sìn nínú ilé. Alángbá náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wọ́pọ̀ jù ni bearded dragon, tí èmi máa ń pè ní alángbá onírùngbọ̀n, torí awọ ẹlẹ́gùn-ún abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ máa ń wú, á sì dúdú bí irùngbọ̀n tí inú bá ń bí i tàbí tí ẹ̀rù bá ń bà á. Australia ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ẹbí kan náà, Agamidae, ni òun àti alángbá tó ń mi orí lára ògiri ilé wa. Kẹ́ ẹ má wò ó bí àjèjì, mọ̀lẹ́bí ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra ẹran náà lónìí, wọ́n á wá máa sáré wá ilé fún un lọ́la. Ilé ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò. Ẹ tan iná ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi tẹ̀mọ́mítà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé. Èyí tó ti dàgbà nílò àpótí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120, kí ìbú àti gíga rẹ̀ tó 60. Ibi tó ti ń yáàrùn gbọ́dọ̀ gbóná tó 38 sí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí apá kejì wà ní nǹkan bíi 22 sí 26. Ara rẹ̀ kì í dá ooru tirẹ̀ pèsè bíi tiwa, lílọ bíbọ̀ láàárín ibi gbígbóná àti ibi tútù ló fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí kò bá rí ooru tó, oúnjẹ tó jẹ kò ní dà. Òkúta oníná tí wọ́n ń tà pé kó máa sùn lé, ẹ má rà á. Ó máa ń jó wọn níkùn.

Iná UVB gan-an ni kò ṣeé fi ṣeré. Òun ni ara alángbá yìí fi ń ṣe fítámì D3, tó ń jẹ́ kí ara gba kálíṣíọ̀mù. Láìsí i, egungun á rọ̀, ẹsẹ̀ á wọ́, àgbọ̀n á wú. Ẹ má sọ pé oòrùn ojú fèrèsé ti tó o, gíláàsì kì í jẹ́ kí UVB kọjá. Iná náà ṣì lè máa tàn yòò kí agbára UVB inú ẹ̀ ti lọ tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12. Wákàtí 12 lójúmọ́ ti tó. Tílẹ̀ bá ṣú, ẹ pa á.

Lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ gbé e sínú ilé ẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti gbé e ya fọ́tò, àmọ́ ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó lè má jẹun dáadáa, ilà dúdú lè yọ níkùn ẹ̀, ó sì lè máa ha gíláàsì kíkankíkan. Òjìji ara rẹ̀ tó rí nínú gíláàsì lè máa dà á láàmú, ẹ fi pépà bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Bó bá ń gbé ọwọ́ kan sókè díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe pé ó ń kí yín o. Ohun tó ń sọ ni pé òun ò bá yín jà.

Ojú kẹta wà ní àtàrí rẹ̀, kékeré báyìí. Kò lè fi ka ìwé, ṣùgbọ́n ó ń fi mọ ìmọ́lẹ̀ àti òjìji. Tí ọwọ́ bá ti òkè wá, àṣá ló máa rò pé ó dé! Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ ti na ọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé gbogbo ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó kéré ń jẹ kòkòrò lójoojúmọ́, àgbà ń jẹ ewé jù. Ìrẹ̀ tàbí eṣú tẹ́ ẹ bá fún un kò gbọ́dọ̀ tóbi ju àlàfo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ, kẹ́ ẹ sì fi ìyẹ̀fun kálíṣíọ̀mù ra á. Ẹ kó ìrẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù kúrò kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n máa ń bù ú jẹ. Píà kò dáa fún un. Tanátaná kan ṣoṣo lè pa á.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Onírùngbọ̀n yìí gan-an máa ń fi àìsàn pa mọ́. Torí náà, ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ń fọn, tàbí tí èyí tó kéré kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ mú ìgbẹ́ rẹ̀ tútù dání kí wọ́n wá aràn nínú ẹ̀. Gbogbo dókítà ẹranko kọ́ ló mọ̀ nípa alángbá, kẹ́ ẹ tó ra á ni kẹ́ ẹ ti wá èyí tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbá a mú torí kòkòrò Salmonella, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 máa gbé e ṣeré.

Ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ fi sínú àpótí kan. Bẹ́ ẹ bá rí méjì tí ọ̀kan gorí ìkejì lábẹ́ iná, ìfẹ́ kọ́, ó ń gba ooru mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.